Orúnkún Rẹ Ní Ẹ̀tọ́ Lórí Rẹ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn ní ìdúró tí ó dára jùlọ, tí Ó sì fún un ní oríkèé tí ó fi ń dìde, tí ó fi ń jókòó, tí ó sì fi ń kúnlẹ̀ fún Un. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ó lè ya yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ orúnkún ni mo gbé wá lóṣù yìí. Bóyá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni ẹ ń retí. Ẹ ní sùúrù fún mi. Ẹni tí ó bá ti gbá bọ́ọ̀lù rí ní àdúgbò wa ní Ailegun, tí ó mọ bí a ṣe ń jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ Àìkú, tí a ó to òkúta méjì méjì ṣe ojú-ilé, tí a ó sì máa bá àwọn ọmọ Bucknor àti Èjìgbò figagbága lórí ilẹ̀ tí ó kún fún yanrìn àti kòtò, yóò ti rí ẹni tí ó ṣubú tí kò sì dìde bí ó ti máa ń dìde.

Arákùnrin wa kan nínú ẹgbẹ́ ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó sì fẹ́ ṣẹ́rí padà kíákíá. Ara rẹ̀ yí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó fi tẹlẹ̀ kò yí. Ó ní òun gbọ́ nǹkan kan tí ó dún "pà" nínú orúnkún òun. Kí a tó kí ìrun àyìlà, orúnkún náà ti wú bí àgbọn. Wọ́n fi omi gbígbóná jó o, wọ́n fi abóníkí ra á, bàbá kan tí ó máa ń wọ́ ẹsẹ̀ sì wá, ó fà á, ó ní ó ti wọlé padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó fọn, ó sì ń rìn.

Ibi tí ẹ̀bi tèmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. A ní ìdíje pẹ̀lú ẹ̀ka mìíràn. Ó wá bá mi, ó ní, "Bùọ̀dá Akọ̀wé, orúnkún yìí ń yẹ̀ mọ́ mi lábẹ́ nígbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn." Mo dá a lóhùn pé kí ó mú ọkàn le, pé ọkùnrin kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ díẹ̀ dá òun dúró. Mo tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ àwọn sàhábà tí wọ́n jagun pẹ̀lú ọgbẹ́ tì í. Kò gbá bọ́ọ̀lù náà tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí orúnkún náà fi yẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí a wá gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn tí ó mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ohun tí ó jẹ́ okùn kan ṣoṣo tí ó já tẹ́lẹ̀ ti di okùn àti kerekere pẹ̀lú. Ìyá rẹ̀, Alhaja, kò bá mi jà. Ó kàn wò mí ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó já náà, nítorí àìmọ̀ wa ni ó dá wàhálà yìí sílẹ̀. Orúnkún ni ibi tí egungun itan ti pàdé egungun ojúgun, egungun pẹlẹbẹ kan sì bò ó níwájú. Orí egungun itan rí roboto, orí egungun ojúgun sì tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí náà wọn kò há ara wọn mọ́ra rárá. Okùn mẹ́rin tí ó le ni Ọlọ́hun fi so wọ́n pọ̀, àwọn dókítà ń pè wọ́n ní ligament. Ọ̀kan wà ní ẹ̀gbẹ́ inú, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ òde, méjì sì kọjá lórí ara wọn ní àárín bí ẹni fi igi méjì dábùú ara wọn. Èyí tí ó wà níwájú nínú àwọn méjì àárín náà ni kì í jẹ́ kí egungun ojúgun yọ síwájú, òun náà ni ó sì ń dá orúnkún dúró nígbà tí ènìyàn bá ń ṣẹ́rí. Òun ni ó já lára arákùnrin wa. Nínú ọ̀pọ̀ ẹni tí tirẹ̀ já, kò sí ẹni tí ó gbá wọn. Yíyí lójijì tàbí fífò sílẹ̀ kí orúnkún wọ inú ni ó ń já a. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí tí wọ́n ń ṣe eré fífò tilẹ̀ ń tètè rí i ju ọkùnrin lọ, nítorí náà kí ẹ̀yin arábìnrin má ṣe ṣí ojú-ewé yìí kọjá.

Bí o bá gbọ́ ìró, tí orúnkún wú láàárín wákàtí díẹ̀, tí ó sì ń yẹ̀ mọ́ ọ lábẹ́ lẹ́yìn náà, má ṣe pè é ní ẹsẹ̀ rírọ́ lásán. Ẹ̀jẹ̀ ni ó sábà máa ń wà nínú wíwú kíákíá bẹ́ẹ̀. Omi gbígbóná àti fífi ọwọ́ ra á ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ń mú ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ sí i. Ohun tí ó yẹ ni kí o dáwọ́ eré dúró, kí o fi aṣọ wé omi dídì lé e fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí o fi ọ̀já rírọ̀ dì í, kí o sì gbé ẹsẹ̀ náà sókè lórí ìrọ̀rí. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá tutù tàbí tí ó kú tìpìrì, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ọ lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀la.

Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé egungun ni X-ray ń fi hàn dáadáa, kò lè fi okùn yìí hàn. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti sọ fún pé "kò sí nǹkan kan" nítorí pé egungun kò ṣẹ́. Ọwọ́ dókítà tí ó mọ bí a ṣe ń fa orúnkún wò, tàbí ẹ̀rọ MRI, ni ó ń sọ òótọ́. A ní irú wọn nítòsí. Ìgbóbì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1943 fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì, kò jìnnà sí Òṣòdì.

Abu Dawud gba wá pé ní ayé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a), òkúta bá ọkùnrin kan lórí lẹ́nu ìrìn-àjò, ìwẹ̀ jánábà sì wá di dandan fún un. Ó bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ bóyá òun lè ṣe táyámọ́mù. Wọ́n ní àwọn kò rí ààyè fún un, níwọ̀n ìgbà tí omi wà. Ó wẹ̀, ó sì kú. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó bínú gidigidi, ó ní àwọn ni wọ́n pa á, ó sì sọ pé ìbéèrè ni ìwòsàn àìmọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní ìkà lọ́kàn. Ẹ̀sìn ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣọ́. Mo ka hadíìsì yìí ní ìgbà púpọ̀ kí ó tó kan èmi fúnra mi. Ó tún wá nínú ọ̀rọ̀ Ànábì pé ẹni tí ó bá ń wo ènìyàn sàn láìjẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ iṣẹ́ ìwòsàn, òun ni yóò san ohun tí ó bá bàjẹ́. Kí àwọn bàbá wa tí wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ gbọ́ èyí pẹ̀lú. N kò sọ pé wọn kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n okùn tí ó já nínú orúnkún kò ṣeé fà wọlé.

Kì í ṣe gbogbo okùn ni ó nílò iṣẹ́ abẹ o. Ẹ rántí Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ọmọ Mùsùlùmí bíi tiwa. Ní oṣù Keje 2022, ní Morocco, nínú ìdíje àwọn obìnrin Áfíríkà, ó fi orúnkún pa nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú South Africa. Okùn ẹ̀gbẹ́ inú ni. Wọn kò sọ fún un pé kí ó mú ọkàn le. Ó fi ìdíje náà sílẹ̀ lójú gbogbo Nàìjíríà. Nínú oṣù yẹn kan náà ni wọ́n fún un ní oyè agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí ó dára jùlọ ní Áfíríkà, ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyẹn. Ní oṣù Keje 2023, òun ni ó gba góòlù kẹta tí Nàìjíríà fi na Australia ní 3-2 nínú ife àgbáyé. Okùn ẹ̀gbẹ́ inú máa ń jinná fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, bí a bá fún un ní ọ̀sẹ̀ tí ó tọ́ sí i.

Ti àárín ni ó le. Omi oríkèé kì í jẹ́ kí ó tètè so padà, nítorí náà àwọn dókítà máa ń yọ iṣan díẹ̀ lẹ́yìn itan tàbí níwájú orúnkún láti fi rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀, owó iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá ọmọ tálákà. Ní Sweden, wọ́n tẹ̀lé ọ̀dọ́ 121 tí okùn yìí já, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, wọ́n sì fún àwọn 59 tó kù ní eré ìdárayá ìwòsàn kọ́kọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, 23 péré nínú àwọn 59 náà ni ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ìlera ìhà méjèèjì kò sì yàtọ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí o padà sí pápá bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé iṣẹ́ físíò ni ìpìlẹ̀, ìbáà jẹ́ wọ́n là ọ́ tàbí wọn kò là ọ́: kí o kọ́kọ́ lè na orúnkún tán, kí iṣan iwájú itan jí padà, kí o tó máa gun kẹ̀kẹ́, kí o tó máa fi ẹsẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀, kí o tó wá sáré, kí o tó wá fò.

Iṣan tí wọ́n fi rọ́pò náà máa ń kọ́kọ́ rọ̀ ni kí ó tó le, nítorí náà oṣù kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí ara ti ń yá ènìyàn, ni ewu wà jùlọ. Ìwádìí kan ní Norway, tí ó jáde ní 2016, fi hàn pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá fi kún ìsinmi rẹ̀, títí di oṣù kẹsàn-án, ń dín ìfarapa àtúnṣe kù ní bí ìdajì. Oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀yin ènìyàn mi! Aláboyún ń fi sùúrù dúró fún iye rẹ̀.

Nípa ìrun: orúnkún méjèèjì wà nínú egungun méje tí Ànábì sọ pé a fi ń foríkanlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dun arákùnrin wa. Ó ní òun ń tijú láti jókòó sórí àga láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun. Ṣùgbọ́n Ànábì fúnra rẹ̀ ṣubú lórí ẹṣin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bó, ó sì kírun ní ìjókòó. Inú Bukhari ni ó wà. Ó sì sọ fún Imran ọmọ Husayn, tí jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ lẹ́nu, pé kí ó kírun ní ìdúró, bí kò bá lè ṣe é, ní ìjókòó, bí kò bá lè ṣe ìyẹn náà, ní ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀. Ẹni tí ó lè dúró kí ó dúró. Ẹni tí kò lè foríkanlẹ̀, kí ó jókòó, kí ó tẹ orí ba, kí ti ìforíkanlẹ̀ sì wálẹ̀ ju ti rúkúù lọ. Ẹni tí kò lè ká ẹsẹ̀ ní àtáyà, kí ó nà án. Orúnkún kò sí nínú ohun tí à ń fọ̀ fún àlùwàlá, nítorí náà ọ̀já orí rẹ̀ kò dí ọ lọ́wọ́. Bí ìwẹ̀ jánábà bá dé, tí dókítà sì ní kí omi má kàn án, ọwọ́ tútù ni a ó fi pa orí ọ̀já náà. Ohun tí ó bá ṣókùnkùn, ẹ bi àfáà yín.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn àgbà. Ọmọbìnrin tí orúnkún rẹ̀ ń jinná kò lè kúnlẹ̀ kí yín, ọmọkùnrin kò sì lè dọ̀bálẹ̀. Ẹ má ṣe pè wọ́n ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù padà, ìgbìmọ̀ wa ti gbà pé a ó máa ṣe ìmúra FIFA 11+, eré ìdárayá ogún ìṣẹ́jú tí kò gba owó kankan. Ní Èkó wa níhìn-ín ni wọ́n ti dán an wò lára ọmọkùnrin 416, ọmọ ọdún 14 sí 19, nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ogún, wọ́n sì gbé e jáde ní 2014: ìfarapa dín kù ní ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ẹsẹ̀ nìkan sì dín kù ní ìdá 48. Sísá rọra, dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, fífò kí a sì balẹ̀ láìjẹ́ kí orúnkún wọ inú, mímú iṣan ẹ̀yìn itan le. Ẹni tí ó bá pẹ́ dé, tí kò bá wọn ṣe é, kò níí gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ akọ̀wé.

Arákùnrin wa ti wà ní oṣù karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ báyìí. Mo lọ tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú Alhaja, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kàn máa bá òun gbé àga òun lọ sí sàfù iwájú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ni mo máa ń bá a lọ sí ọ̀dọ̀ físíò. Ní Ìṣẹ́gun tí ó kọjá, wọ́n jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ náà nìkan bẹ̀rẹ̀ kí ó sì dìde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mẹ́fà ni mo lè ṣe.