Ẹ̀kọ́ Tí Kò Rọrùn àti Ẹ̀rí Ọkàn Akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀ràn kan wà tí àwọn olùkọ́ kì í sábà dá sílẹ̀ ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ti kọ́ ọmọ ní ìwé fún ọdún mẹ́ta tí kò tíì bá a pàdé. Kí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe nígbà tí ẹ̀kọ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn bá le ju agbára rẹ̀ lọ? Ṣé kí ó fi í sílẹ̀ ni, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa pè é ní ọ̀lẹ? Ṣé kí ó wá ọgbọ́n tí yóò fi yege láìmọ ohun tí ó ń kọ́? Tàbí kí ó máa bá a jà lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òdo ni ó ń gbà?

Ẹ wo ẹni tí ó lọ kọ́ èdè Sanskrit ní yunifásítì. Èdè àtijọ́ ti ilẹ̀ Íńdíà ni. Ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo a máa yí ìparí rẹ̀ padà lọ́nà mẹ́jọ, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú gbólóhùn. Bí nǹkan bá jẹ́ ọ̀kan, bí ó bá jẹ́ méjì, bí ó bá sì jẹ́ púpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní mẹ́jọ tirẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ fi di 24. Nígbà tí ọmọ náà bá há ìyẹn sórí tán, yóò tún rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ kì í dúró lọ́tọ̀ nínú ìwé. Òpin ọ̀kan a máa wọnú ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, bí "ra" àti "ewé" ti ń di "rawé", ṣùgbọ́n ti Sanskrit pọ̀ débi pé ìlà kan lè gùn lọ bí okùn tí a kò rí ojú kókó rẹ̀. (Ọmọ Yorùbá, tí ó ń pa fáwẹ̀lì jẹ lójoojúmọ́ láìfura, kò yẹ kí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sá fún èyí.)

Nígbà tí ó bá fi di oṣù kẹta, ìtumọ̀ tí ẹlòmíràn ṣe ti wà lábẹ́ ìwé rẹ̀. Ó há ìtumọ̀ náà sórí. Lọ́jọ́ ìdánwò, bí ó bá ti rí ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ti mọ ibi tí a ti mú un, a sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfi ojú kan ìyókù. Ó yege. Kò wo ìwé ẹnikẹ́ni, kò sì rú òfin kankan. Ṣé ó jalè? Bí ó bá jalè, ta ni ó jà lólè?

Ìtàn adájọ́ kan lè là wá lọ́yẹ̀. William Jones ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1783 ni ó sì dé ilé ẹjọ́ gíga ti Kàlìkọ́tà. Ní ọdún 1785 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Sanskrit, nítorí pé inú èdè náà ni òfin àwọn Híńdù wà, àwọn ọ̀mọ̀wé ìbílẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ fún un ohun tí òfin wí. Kò fẹ́ máa fi ẹnu ẹlòmíràn dá ẹjọ́. Ìfura sí àwọn tí ó ń kọ́ ọ wà nínú èyí, kò sì yẹ kí a yìn ín fún ìyẹn; ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnì kan wà níwájú òun tí ilẹ̀ rẹ̀ tàbí ogún rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí òun kò bá gbọ́ ohun tí a kọ. Ẹni tí ó há ìtumọ̀ sórí kò tíì ja ẹnikẹ́ni lólè lónìí. Ẹni tí yóò gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́la ni ó jà.

Ní Abidjan, níbi tí a ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní ọdún 1964, ọ̀ràn yìí sún mọ́ ilé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Georges Niangoran-Bouah, ẹni tí ó gbé ẹ̀kọ́ ìlù tí ń sọ̀rọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, pè é ní "drummologie", ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1981. Ọmọ Akan lè wọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà, kí ó rò pé àgbàlá bàbá òun ni òun ń wọ̀. Ṣùgbọ́n ìlù kì í pe kọ́ńsónáǹtì, kì í pe fáwẹ̀lì. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ ni ó ń gbé jáde. Ẹni tí ó mọ dùndún mọ ìṣòro yìí: ohùn ìsàlẹ̀ méjì lè jẹ́ bàtà, ó lè jẹ́ ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ àgbà. Àfi ẹni tí ó bá mọ odidi gbólóhùn, àti àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kò lò mọ́, ni yóò mọ ohun tí a wí. Ojú a máa ti ọmọ náà ju ẹni tí ó ń kọ́ Sanskrit lọ, nítorí pé àlejò ni ó jẹ́ nínú ilé ara rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé àìní ni olùkọ́ tí ó dára jù. Ní ọjà Treichville àti ti Adjamé, ọ̀pọ̀ obìnrin Èjìgbò ni ó gbọ́ Faransé àti Jùlá dáadáa láìjókòó ní kíláàsì kankan, nítorí pé ọjà kò ní tà bí wọn kò bá gbọ́. Bí kò bá sí irú àìní bẹ́ẹ̀, kí ni a ń jìyà fún? Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, kò sì yẹ kí olùkọ́ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọmọ tí ó bá rí i pé ẹ̀kọ́ kan kì í ṣe tirẹ̀, tí ó sì jáde ní ọ̀sán gangan, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó dúró tí ó sì ṣubú. Léopold Sédar Senghor dé Paris ní ọdún 1928; kò yege nígbà tí ó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò gíga nínú gírámà tí à ń pè ní agrégation. Ó tún un ṣe, ó sì yege ní ọdún 1935. Ẹni tí ó dúró tí ó ń díbọ́n ni ọ̀ràn rẹ̀ burú. Olùkọ́ tí ó sì ń mú ibì kan náà jáde fún ìdánwò lọ́dọọdún mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ nínú ọ̀ràn náà.

Ìlù ńlá kan wà tí ó jẹ́ ti àwọn Ebrié, àwọn onílẹ̀ Abidjan. Djidji Ayôkwé ni orúkọ rẹ̀. Igi ìrókò ni a fi gbẹ́ ẹ, ó gùn ju mítà mẹ́ta lọ, ó sì wúwo tó kílógíráàmù 430. Òun ni a fi ń kìlọ̀ fún àwọn abúlé nígbà tí àwọn amúnisìn bá ń bọ̀ wá kó ènìyàn fún iṣẹ́ ipá. Ní ọdún 1916, àwọn Faransé gbà á. Ní ọdún 1929, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 2025 ni ilé aṣòfin wọn fi ọwọ́ sí i pé kí ó padà sílé. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀pá lé e lọ́jọ́ kan, tí àgbà kan sì yíjú sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí nínú èdè ìlù, tí ó bi í pé, "Ọmọ mi, kí ni ó wí?", kò ní sí ìtumọ̀ kankan lábẹ́ ìwé.