Ìrètí Kì Í Ṣe Oògùn

Ẹni tó bá ti lo chloroquine rí lọ́mọdé, ara rẹ̀ ò ní gbàgbé. Oògùn ibà ọ̀hún korò bí ewúro, ṣùgbọ́n kíkorò kọ́ ni wàhálà ẹ̀. Ẹlòmíì á gbé e mì láàárọ̀, nígbà tó bá fi máa dalẹ́, á ti máa họra bí ẹni tí wèrèpè bà lára. Lọ́dún 2005, Nàìjíríà yí ìlànà ìtọ́jú ibà padà, wọ́n fi oògùn tó ní artemisinin nínú rọ́pò rẹ̀, torí pé kòkòrò ibà ti mọwọ́ chloroquine. Àwa tá a dàgbà n'Ìkọ̀lé-Èkìtì rò pé ó parí síbẹ̀.

Àfi ìgbà tó di oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020. Lọ́jọ́ 27 oṣù Èrèlé ni àyẹ̀wò ti fi hàn pé kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Lọ́jọ́ 18 oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní in l'Ékìtì. Lọ́jọ́ kejì, Donald Trump dúró níwájú àwọn oníròyìn l'Amẹ́ríkà, ó ń yin chloroquine. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìjọba Èkó ti ń kìlọ̀ pé àwọn kan ti dèrò ọsibítù torí pé wọ́n lò ó lálòjù. Ìkìlọ̀ yẹn ò yá lẹ́sẹ̀ tó WhatsApp.

Àwa mẹ́ta kan tá a jọ ń kọ sọ́fúwíà l'Ékòó ti sá wálé kí kónílé-ó-gbélé tó bẹ̀rẹ̀. Inú yàrá kan náà la ti ń ṣiṣẹ́, torí jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo la ní. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Bàbá Tíṣà, àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa, gbé fóònù wọn wá. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ka iye hóró chloroquine téèyàn máa lò lójúmọ́ kí kòrónà má bàa wọlé.

"Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ bá mi wò ó. Ṣé òótọ́ ni?"

A wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A rí i pé àwọn dókítà kan ní Faransé ti gbé ìwádìí jáde lórí aláìsàn bíi mélòó kan. A ò ka ìwádìí náà dé ìdajì. A ní, "Ó jọ pé òótọ́ ni, sà. Kò sáà lè pa èèyàn."

Lọ́jọ́ kẹta, ojú Bàbá ń ṣú, àyà wọn ń já, ilẹ̀ ń yí wọn lójú. Àwa la gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ara wọn yá. Ohun tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n jókòó dáadáa ni pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò jẹ́ kí n kú." Ká ní wọ́n bú wa ni, ì bá sàn.

Ṣé a ṣẹ̀? A ò purọ́, ire la sì ń fẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, kì í béèrè bóyá ẹni tó jù ú sílẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀. Bàbá ò béèrè ohun tó wù wá. Ohun tá a mọ̀ ni wọ́n béèrè, àwa sì fi ohun tó wù wá dáhùn.

Ẹnìkan lè sọ pé: nígbà tí iná bá ń jólé, ta ló ń dúró ṣe ìwádìí? Bí bàbá ẹni bá ń mí gúlegúle lórí bẹ́ẹ̀dì ní Ìdó, ṣé ká máa wò ó títí àwọn onímọ̀ á fi ka iye tán? Ìbéèrè gidi ni, ẹ má jẹ́ ká fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ojú àánú ló fi ń wo nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn náà.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní RECOVERY ní kí kọ̀ǹpútà máa yan aláìsàn bí ẹni ń ṣẹ́ kèké: àwọn kan á gba oògùn, àwọn kan á gba ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún èèyàn 1,561 ní hydroxychloroquine, ọmọ ìyá chloroquine. Láàárín ọjọ́ 28, nínú 100 wọn, 27 kú. Nínú àwọn 3,155 tí wọn ò fún, 25 nínú 100 ló kú. Oògùn tí gbogbo ayé ń jà sí ò gba ẹnikẹ́ni là.

Lọ́jọ́ 16 oṣù Òkúdù ni wọ́n kéde ti dexamethasone. Oògùn àtijọ́ ni, owó ẹ̀ ò pọ̀, ó wà ní kẹ́mìsì. Àwọn kan nílẹ̀ wa tiẹ̀ ń lò ó kí wọ́n lè sanra. Láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, ikú wálẹ̀ láti bíi 41 nínú 100 sí 29. Ṣùgbọ́n àwọn tí ò nílò ọ́síjìn rárá, kò ràn wọ́n lọ́wọ́; ó tilẹ̀ jọ pé ó lè pa wọ́n lára. Oògùn kan náà, àìsàn kan náà. Àánú nìkan ò lè rí ìyàtọ̀ yẹn. Kíkà ló rí i.

Ó le lójú pé wọ́n fún ẹnìkan, wọn ò fún ẹnì kejì. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣẹ́ kèké yẹn, kò sẹ́ni tó mọ apá tí oríire wà. Bí wọ́n bá mọ̀ tí wọ́n sì fi du aláìsàn, ìkà ni. Bí wọn ò bá mọ̀ tí wọ́n ń ṣe bí ẹni mọ̀, ohun tí àwa ṣe sí Bàbá nìyẹn.

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, bá a bá gbé kóòdù tuntun jáde tó bá bàjẹ́, a lè dá a padà sí ti àná. Síbẹ̀ a kì í gbé e jáde láìdán an wò. Ara Bàbá Tíṣà, tí kò ṣeé dá padà, la wá ń dán nǹkan wò lé lórí.

Ṣé ó yẹ ká kàn ní "a ò mọ̀" ká sì dákẹ́? Ìyẹn náà ò tó. Ẹ̀rù ló gbé Bàbá wá sọ́dọ̀ wa. Ohun tó yẹ ká sọ ni pé: "A ò mọ̀, sà. Ẹ má tíì lò ó. Bí èémí bá ń ṣòro, lóru tàbí lọ́sàn-án, ẹ pè wá, a ó gbé yín lọ sí Ìdó."

Bàbá ṣì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa. Èyí tó dé kẹ́yìn, ewé kan ni wọ́n ní ó ń wo gbogbo àìsàn. A kọ ọ́ padà pé, "A ò mọ̀, sà. Lọ́la, ẹ jẹ́ ká jọ lọ bi dókítà." Wọ́n ní ó dáa, ká má pẹ́ dé.