Ẹ̀mí Inú Ewé Gbígbẹ

Àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí a máa kó ewé gbígbẹ lábẹ́ igi máńgòrò àti dóńgóyárò, kí wọ́n lè mọ àwọn kòkòrò tó ń gbé inú rẹ̀. Àwọn òbí kan ní kò dára, pé ẹ̀mí ni wọ́n ń fi ṣeré. Ó yẹ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọ́n á da ewé sórí àwọ̀n inú àrọ, irú èyí tí a fi ń rọ epo, wọ́n á tan gílóòbù sókè rẹ̀. Antonio Berlese, ará Ítálì, ló gbé irú àrọ yìí jáde ní 1905, omi gbígbóná ló sì lò. Albert Tullgren ará Sweden ló fi gílóòbù rọ́pò rẹ̀ ní 1918. Bí ewé bá ti ń gbẹ láti òkè, àwọn ẹ̀dá tí kò lè ṣe láìsí ọ̀rinrin á máa sá lọ sísàlẹ̀, títí wọn ó fi jábọ́ sínú ìgò sípírítì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kú sí. Ọ̀pọ̀ wọn kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

A mọ̀ pé súrà kẹtàdínlọ́gbọ̀n nínú Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, orúkọ èèrà ló ń jẹ́. Bukhari àti Muslim sì gba hádíìsì wá pé èèrà bu ànábì kan jẹ, ó ní kí wọ́n sun gbogbo ilé wọn. Ọlọ́hun bá a wí pé nítorí ẹyọ kan, ó pa odindi ìjọ tó ń ṣe àfọ̀mọ́ run.

Síbẹ̀, a kò gbà pé kí ọmọ má kọ́ ọ. Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí, pẹ̀lú ekòló àti ikán, ló ń sọ ewé jíjábọ́ di ilẹ̀ dúdú tí àgbàdo ń jẹ. Ọ̀pọ̀ ilé tó ń bínú sí ọmọ yìí ló ń gbá ewé jọ lágbàlá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń ṣáná sí i. Iná yẹn kì í yọ ẹnìkan sílẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni fi í mọ̀.

Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tó kàn fẹ́ rí ohun tó wà níbẹ̀ lè fi aṣọ tútù sísàlẹ̀ àrọ dípò sípírítì, kí ó wò wọ́n láàyè, kí ó dá wọn padà. Ìgbín àti ọ̀kùn, ojú lásán rí wọn, ọwọ́ lè ṣà wọ́n. (Àkekèé ní ìdájọ́ tirẹ̀.) Àmọ́ ẹni tó ń ṣe ìwádìí gidi kò lè ya ọ̀pọ̀ àwọn tó kéré jù sọ́tọ̀ láìgbé wọn sábẹ́ maikirosikóòpù, èyí kò sì rọrùn fún ohun tó ń rìn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ mélòó kan, kì í ṣe àpò, kí ó sì kọ ọjọ́ àti ibi tó ti mú un sára ìgò. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín pé ìgò ti ọdún tó kọjá dà, kí ni wọ́n sì rí kọ sílẹ̀ láti inú rẹ̀.