Etí Tí Kò Gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Rí

Ní oṣù kẹfà ọdọọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Ṣáínà máa ń ṣe Gaokao, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì. Gẹ̀ẹ́sì kó 150 nínú 750 máàkì. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, gbígbọ́ nìkan kó 30 nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń gbọ́ ìtàkùrọ̀sọ márùn-ún àkọ́kọ́. Ní àkókò yẹn, awakọ̀ kì í fọn fèrè nítòsí ibẹ̀, àwọn tó ń kọ́lé á sì dá iṣẹ́ dúró. Gbogbo àdúgbò dákẹ́ nítorí ọmọ.

Ó wú mi lórí. Ṣùgbọ́n ṣé bí ohùn kan náà bá ti dé etí gbogbo wọn, a ti ṣe ẹ̀tọ́ fún gbogbo wọn nìyẹn? Àkàyé inú ìwé, ọmọ abúlé lè tún un kà títí yóò fi yé e. Ohùn kì í dúró de ènìyàn. (Oral English ti WAEC ti kọ́ mi ní ìyẹn.) Ọmọ olówó ní Shanghai lè ti máa bá olùkọ́ òyìnbó sọ̀rọ̀ láti kékeré, ọmọ àgbẹ̀ lórí òkè Guizhou lè má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ẹlòmíràn ju olùkọ́ rẹ̀ lọ.

N kò ní kí wọ́n yọ gbígbọ́ kúrò o. Ohun tí ìdánwò kò bá bèèrè, ilé-ẹ̀kọ́ kì í sáàbà kọ́ni. Àmọ́ òfin wọn gbà kí ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa fo apá yìí, kí wọ́n sì fi máàkì ìyókù ṣírò èsì rẹ̀. Wọ́n ti gbà, nígbà náà, pé etí kò dọ́gba. Ta ni yóò wá ṣírò fún ọmọ tí etí rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ ọ́ rí?