Òfin Ọtí ní Ìlú Onílùú



Àwọn àgbà wa a máa wí pé, bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí yẹ ara wa wò ní ti ọtí mímu. Bí ènìyàn bá dé ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, òfin ibẹ̀ nípa ọtí ha dè é bí, tàbí kí ó máa mu gẹ́gẹ́ bí ó ti ń mu ní ilé?

Ọtí fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Olúwa wa sọ omi di wáìnì ní Kánà. Ìmutípara ni ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà ni ẹlòmíràn ṣe ń wí pé, “Èmi kì í mu yó, kí ni ó kàn mí nínú òfin onílùú?”

Ẹ wo Monica Mímọ́. Ní ọdún 385, ó ti Áfríkà lọ bá Augustine ọmọ rẹ̀ ní Milan, ní ilẹ̀ Ítálì. Ní Áfríkà, àṣà àwọn Kristiani ni láti gbé oúnjẹ àti wáìnì lọ sí ibojì àwọn ajẹ́rìíkú. Monica gbé tirẹ̀ dání ní Milan, ṣùgbọ́n olùṣọ́nà dá a dúró. Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose ti ka á léèwọ̀, kí àwọn ọ̀mùtí má baà rí àyè, àti nítorí pé ó jọ àsè tí àwọn kèfèrí ń ṣe fún òkú. Monica kì í ṣe ọ̀mùtí. Ife kékeré kan tí ó bu omi là ni ó máa ń gbé kiri. Síbẹ̀ kò jiyàn. Ó pa òfin náà mọ́, ó sì ń fi ohun tí ó ní ta tálákà lọ́rẹ.

Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kò mọ ẹni tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ní ìlú náà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọgbẹ́ tí ó bí òfin. Ẹni tí ó bá wá sí ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí lè fi wá rẹ́rìn-ín bí a bá ní kí ó má mu ògógóró tí kò mọ ẹni tí ó pọn ọ́n. Kò mọ̀ pé ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè, ó ju ènìyàn 15 lọ tí ó kú, tí ojú àwọn kan nínú wọn fọ́ kí wọ́n tó kú. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń jà. Àyẹ̀wò fi hàn pé májèlé methanol ni.

Àwa náà a máa di àlejò. Àwọn oníṣòwò àti àwọn àgùnbánirọ̀ wa ń lọ sí Kánò, ìpínlẹ̀ tí ó gba òfin Ṣàríà ní ọdún 2000, tí ó sì ka ọtí léèwọ̀. Òótọ́ ni pé Ṣàríà kì í ṣe ẹ̀sìn wa. Bí òfin kan bá ní kí a má lọ sí Míìsà, a kò ní gbà, nítorí Ọlọ́run ni ó pàṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò pàṣẹ ìgò bíà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá fi í pamọ́ sínú ilé onílé, ó lè jẹ́ onílé ni yóò jìyà rẹ̀.

Bákan náà, ohun tí ìlú gbà láyè kì í ṣe dandan. Bí wọ́n bá gbé ẹmu fún ọ ní òde ìsìnkú ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, tí ó sì ti tó fún ọ, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, dúpẹ́ lọ́wọ́ olóde, kí o sì gbé e fún ẹlòmíràn. Kí olóde pẹ̀lú má ṣe fi ipá mú àlejò rẹ̀ mu.

Nítorí náà, ará, kí o tó jókòó ní ilé ọtí tàbí ní abẹ́ igi ẹlẹ́mu ní ìlú onílùú, béèrè ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Ìfẹ́ ọmọnìkejì ni ó ń béèrè bẹ́ẹ̀. Kí Monica Mímọ́ máa gbàdúrà fún wa.