Ẹni Tí Ó Wá Rajà Kì í Ṣe Alágbe

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ lójú àwọn kan nínú wa, nítorí pé ó jẹ mọ́ ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara balẹ̀ bá wa dé ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ni ó ti ń tajà níbẹ̀, àwa ìyá pàápàá kò sì gbẹ́yìn. Ta ni nínú wa tí kò tíì fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lórí WhatsApp rí?

Ní ìparí ọdún tí ó kọjá, ọkùnrin kan tí a kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pè wá lórí fóònù. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́ láti bí ọdún mọ́kànlá, àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ni ó fà á. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń gba owó oṣù, ó ní aya àti ọmọ. Fóònù rẹ̀ ni ó máa ń ka ohun tí a bá kọ sí i létí. Ohun tí ń ṣe iṣẹ́ náà, TalkBack ni orúkọ rẹ̀, wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù Android tí àwa náà ń lò, a kàn kì í tàn án ni.

Ọkùnrin yìí fẹ́ ra àdìrẹ fún ìyàwó rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ìyàwó mọ̀ títí di ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó wọ inú ìkànnì ọmọ ọ̀kan nínú wa níhìn-ín ní Òkè-Ogbo, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí gbogbo wa sì ń yìn. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Àwòrán. Àwòrán. Àwòrán. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì." Kò sọ irú aṣọ tí ó jẹ́. Kò sọ ohun tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan wà fún. Inú àwòrán gan-an ni ọmọ wa kọ iye owó sí, pẹ̀lú òdòdó yíká rẹ̀, ó dára púpọ̀ lójú ẹni tí ó bá ríran. "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bá mi wò ó."

A bá a wò ó. A ka iye owó fún un, a yan àwọ̀ fún un, a tún bá a pe ọlọ́jà. Inú wa dùn pé a ti ṣe oore. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Tíṣà, ẹ ti wá mọ iye tí mo ná lórí ìyàwó mi báyìí." Ó rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Owó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ó sì mọ ohun tí ó fẹ́ rà. Síbẹ̀, kí ó tó lè ná owó ara rẹ̀, ó ní láti bẹ ẹlòmíràn, kí ó sì tú àṣírí ilé rẹ̀ fún un. Ta ni ó sọ ọ́ di alágbe? Kì í ṣe ojú rẹ̀.

Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn ìyá kan, ọ̀kan nínú wọn dá wa lóhùn pé, "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ náà ṣẹ̀? Kò lé e, kò bú u." Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí kò ní ibi lọ́kàn, ṣé ó lè ṣe ibi? Nínú Léfítíkù 19:14, Ọlọ́run kọ̀ fún wa láti fi ohun ìkọ̀sẹ̀ sí iwájú afọ́jú. A máa ń rò pé ìkà ènìyàn tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé òkúta síbẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ́lé, tí ó da òkúta sí ojú ọ̀nà, tí ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tí ó bá kọlù ú kò ní dùn díẹ̀ nítorí pé onílé kò mọ̀ọ́mọ̀.

Àwa kò lè dá ọmọ náà lẹ́bi jìnnà, nítorí pé àwa náà ti jẹ irú gbèsè yìí. Nígbà tí a ń kọ́ni, ọmọbìnrin kan wà ní ìlà ẹ̀yìn tí ó máa ń da ohun tí a kọ sí ojú pátákó kọ. A ní ọ̀lẹ ni. A nà án, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó tó sáà méjì kí ìyá rẹ̀ tó wá sọ fún wa pé ọmọ náà kò ríran jìnnà. A gbé e wá sí iwájú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ sókè bí a ti ń kọ ọ́. Ohun tí a ṣe kò gba kọ́bọ̀. Kódà àwọn ọmọ tí ojú wọn dá ṣáṣá tètè mọ̀wé sí i. Ṣùgbọ́n pàṣán tí ọmọ náà ti jẹ, ta ni yóò gbà á padà?

Níhìn-ín ní Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ ara ènìyàn, wọ́n sì ń pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òòṣà. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwa kò sin òrìṣà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ohun tí ó kù nínú rẹ̀ ni pé ẹni òòṣà jẹ́ ẹni tí a ń bọ̀wọ̀ fún, tí a sì ń ta lọ́rẹ. A kì í sábà rò ó pé yóò wá nájà. Ìwà yẹn ṣì wà lára wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. A mọ bí a ti ń fún afọ́jú lówó. Bí a ti í gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà, tí yóò yan èyí tí ó wù ú, tí yóò ní ó wọ́n jù, tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ, ni a kò tíì kọ́.

Òfin ilẹ̀ wa ti sọ tirẹ̀. Òfin ọdún 2018 tí ó lòdì sí yíya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀, tí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fi ìtanràn ₦100,000 lé orí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó bá rú u, àti ₦1,000,000 lé orí ilé-iṣẹ́. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà fún àwọn aláàbọ̀ ara, ọdún márùn-ún náà sì pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. (Ẹ ka iye àtẹ̀gùn tí ẹ ń gùn kí ẹ tó rí akọ̀wé, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí.) Ilé, àtẹ̀gùn àti ọkọ̀ ni òfin náà tẹnu mọ́ jù. Ṣùgbọ́n ojú íntánẹ́ẹ̀tì náà ti di ẹnu ọ̀nà báyìí.

Wọ́n ti bá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ pàdé níbòmíràn. Ní ọdún 1999, afọ́jú kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Bruce Maguire, fi ẹ̀sùn kan àwọn tí ń ṣètò eré Òlíḿpíìkì Sydney pé òun kò lè lo ìkànnì wọn, nítorí pé wọn kò kọ ọ̀rọ̀ sí ìdí àwòrán. Wọ́n fèsì pé àtúnṣe rẹ̀ yóò ná àwọn ní owó tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Àwọn onímọ̀ tí ó jẹ́rìí fún Maguire ní kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá Maguire láre, nígbà tí àtúnṣe kò sì pé, wọ́n ní kí wọ́n san 20,000 dọ́là fún un.

Àwọn kan yóò ní ti ilé-iṣẹ́ ńlá nìyẹn, kí ni ti ọmọ tí ń fi owó àjọ tajà? Òótọ́ ni, a kò lè di ẹrù erin lé èkúté lórí. Ohun tí ó bá gba owó ńlá, kí oníṣòwò kékeré fi sùúrù ṣe é bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Ṣùgbọ́n èyí tí kò gba nǹkan kan, àwáwí wo ni ó kù? Láti oṣù karùn-ún ọdún 1999 ni W3C, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlànà fún wẹ́ẹ̀bù ní gbogbo àgbáyé, ti gbé ìlànà jáde lórí rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò sì ju ohun tí a ṣe ní kíláàsì lọ: ohun tí o bá fi han ojú, fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ sí ìdí àwòrán pé: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aró dúdú, yáàdì márùn-ún, ₦25,000." Ẹ má fi iye owó sínú àwòrán nìkan, ní WhatsApp pàápàá. Ẹ fún bọ́tìnnì lórúkọ. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sí ìsàlẹ̀ fún adití. Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà tóbi, kí ó sì dúdú dáadáa, ẹ yé fi àwọ̀ eérú kọ̀wé sórí funfun. Àwa àgbà pàápàá yóò máa súre fún yín.

Àwọn oníṣòwò kan ń sọ pé èrè wà níbẹ̀, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé ni ó ní àbùkù ara tí ó le díẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa kò fẹ́ràn kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí ka orí èrè. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ni kò ríran ní gbogbo Ifẹ̀, ẹni tí ó kọ "Ẹ káàbọ̀, gbogbo ènìyàn" sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ti pe ọkùnrin náà.

A lọ bá ọmọ wa. Ojú tì í. "Mọ́mì, mi ò mọ̀ rárá." Alẹ́ méjì ni ó fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti sùn. Ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó sọ fún wa pé ọkùnrin yẹn tún ti ra aṣọ, òun nìkan ni ó sì rà á láìpe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a pàdé rẹ̀ ní Lágeré, a bi í léèrè irú aṣọ tí ó rà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú mà, ọ̀rọ̀ èmi àti ìyàwó mi ni."