Ẹ̀tù, Ọta àti Ẹ̀rí-Ọkàn Ọdẹ

Nígbà tí ìbọn bá dún nínú igbó tí ẹran sì sá lọ pẹ̀lú ọgbẹ́, ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń béèrè ni pé ta ni ó yìn ín, àti pé báwo ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró sí nígbà náà. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́ dé. Ní ti ìbọn ṣakabùlà, èyí tí a ń kì láti ẹnu, ìpinnu ti wáyé kí ọdẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀tù tí ó wọ̀n, ọta tí ó yàn, àkísà tí ó fi dí i, gbogbo wọn ti wà nínú ìbọn kí ó tó fojú kan ẹran. Ẹni tí ó gbé ìbọn tí a ń ti ẹ̀yìn fi ọta sí lè yọ ọta kan kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú akàn. Oníṣakabùlà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kì sí i ni yóò yìn. Ṣé ọdẹ wá ní ẹ̀tọ́ láti ki ohunkóhun tí ó bá wù ú sínú ìbọn rẹ̀, níwọ̀n bí òun ti ni ìbọn, tí ẹran ìgbẹ́ kò sì ní olúwa?

Kí a tó dá a lóhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà nínú kíkì náà. Ẹ̀tù dúdú (àmì ohùn nìkan ni ó ya orúkọ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹtu inú igbó) jẹ́ àdàlù èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní potassium nitrate. Iyọ̀ yìí ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ̀tù ni a ń kọ́kọ́ dà sí i, kí a tó fi ọta lé e, kí a sì fi ọ̀pá tì í títí yóò fi jókòó lórí ẹ̀tù gbọn-in. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, ọ̀pá ìbọn lè bẹ́.

Ní ti ọta, ọ̀nà méjì ni ó wà. Ọdẹ lè fi ẹyọ òjé rìbìtì kan ṣoṣo sí i, ó sì lè bu ẹ̀kúnwọ́ wóró òjé tàbí irin wẹ́wẹ́ sí i. Bí ọta rìbìtì kan bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì òmíràn, ìwúwo rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí wóró wẹ́wẹ́ tí ó tó láti pa àparò fi jẹ́ pé, bí ó tilẹ̀ wọ ara àgbọ̀nrín, lọ́pọ̀ ìgbà kì í dé ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ wóró ni ọ̀pọ̀ fẹ́ràn. Wọ́n ní bí ọ̀kan kò bá bà á, èkejì yóò bà á.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bí ó bá ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Òwe yìí ni àwíjàre wọn. Ẹni tí ẹ̀fọn jẹ mọ́jú, tí ìrì pa, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wo ọ̀nà, ta ni yóò sọ fún un pé kí ó fi ọta kan ṣoṣo sí ìbọn, kí ó sì padà wálé lọ́wọ́ òfo? Àwíjàre náà kì í ṣe èyí tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wò ó fínnífínní yóò rí i pé ẹ̀kúnwọ́ wóró kò mú iyèméjì kúrò. Ó kàn gbé e fún ẹlòmíràn ni. Ẹni tí ó ki ọta kan mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran, kí òun dúró títí yóò fi yí ẹ̀gbẹ́ sí òun, kí òun sì jẹ́ kí ó lọ bí kò bá yí i. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ru iyèméjì náà. Ẹni tí ó ki ẹ̀kúnwọ́ gbé e lé ẹran lórí: ẹran ni yóò gbé wóró mẹ́ta kiri nínú ikùn fún ọjọ́ méjì, tí yóò sì kú síbi tí igún nìkan yóò ti rí i. Àwọn ọmọ tí ń wo ọ̀nà kò jẹ níbẹ̀. Kí a má tilẹ̀ sọ ti adẹ́mu tàbí àgbẹ̀ tí ó lè wà lẹ́yìn ẹran náà, nítorí wóró tí ó fọ́n ká kì í mọ ẹni tí a rán an sí.

Irú èrò kan náà ni ó ń mú kí ọdẹ dá ẹ̀tù sí i ní àdájù. Ariwo a pọ̀, èéfín a pọ̀, ọdẹ a sì gbà pé agbára ti pọ̀. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀tù bá di ìlọ́po méjì, eré ọta kì í di ìlọ́po méjì. Lára ẹ̀tù náà a máa jó dànù lẹ́nu ìbọn, ìbọn a ti ọdẹ léjìká, ọta a sì yà. Ọ̀pá ìbọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé páìpù omi ni alágbẹ̀dẹ fi ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin sí àfi ọjọ́ tí ó bá bẹ́. Ti ẹni tí ó tú ẹ̀tù inú ọta ìgbàlódé dà sínú ṣakabùlà tilẹ̀ burú jù, nítorí ìwọ̀n kékeré rẹ̀ tó láti fọ́ ọ̀pá náà mọ́ ọn lójú.

Àwọn kan yóò ní ẹran ni ẹran ń jẹ́, pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú bí a ṣe pa ohun tí a ó sè. Ìjálá àwọn ọdẹ fúnra wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ìjálá, erin ní oríkì, ẹfọ̀n ní oríkì, ẹtu náà ní. Ó sì yẹ fún àkíyèsí pé èdè Yorùbá ń ki ẹran, ó sì ń ki ìbọn, ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì kò sì yàtọ̀ ní ìró. Ẹni tí ó fi ohùn dídùn ki ẹran lálẹ́ kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ ki ìbọn dè é láàárọ̀, kí ó sì sọ pé ohun kan náà ni òun ń ṣe.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé òṣì ni ó bí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìbọn ìgbàlódé ti pọ̀ lọ́jà, ìpínlẹ̀ Pennsylvania dá àkókò ọdẹ àgbọ̀nrín kan sílẹ̀ ní 1974 fún kìkì ìbọn àkìlẹ́nu tí òkúta ń ṣáná sí. (Àgbọ̀nrín tiwọn a máa wọ́ ìwo rẹ̀ dànù lọ́dọọdún, tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀.) Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ìdajì ínṣì wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ ibẹ̀. Ọta òjé rìbìtì rẹ̀ wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 11.5, ẹ̀tù tí wọ́n sì sábà ń fi tì í wà láàárín gíráàmù 4 sí 6. Ọdẹ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ a kọ́kọ́ yìn ín sí àmì lára pákó lọ́pọ̀ ìgbà, a sì máa wọ́n ẹ̀tù sí i tàbí kí ó dín in kù, títí yóò fi mọ iye ìgbésẹ̀ tí ọta náà kò gbọdọ̀ kọjá lọ́wọ́ òun. Iye ìgbésẹ̀ yìí ni ìlérí tí ó bá ẹran tí kò tí ì rí ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdẹ kan tí ó ki ọta kan ṣoṣo nítorí àgbọ̀nrín. Ọ̀yà gba iwájú rẹ̀ kọjá, kò yìn ín, nítorí ọta náà kì í ṣe ti ọ̀yà. Àparò fò. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, àgbọ̀nrín dúró ní ọgọ́rin ìgbésẹ̀, ó kọ ìdí sí i. Ogójì ni ọdẹ náà ti dá fún ara rẹ̀. Ó sọ ìbọn kalẹ̀, ẹran náà jẹ ewé títí, ó sì wọ igbó lọ. Ìbọn tí a ti kì kò ṣeé gbé wọlé àwọn ọmọ, yíyọ rẹ̀ kò sì rọrùn. Nígbà tí ó súnmọ́ ilé, ó yin ọta náà sí ara òkìtì ọ̀gán. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀ láti ilé, ó dìde, ó gbé omi ka iná.